Béèyàn Ṣe Lè Jẹun Kánú Nígbà Tí Wọ́n Bá Ń Fi Ẹ̀rọ Fọ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀

Ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lórí rú nípa dàyálísíìsì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ni pé òfin oúnjẹ máa ń yí padà lójijì, tí kì í sì í sábà sí ẹni tó máa la ẹnu sọ ọ́ fún wọn ní tààràtà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀, dókítà ti lè máa sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n dín ẹran kù, kí wọ́n dín ẹyin kù, torí ìdọ̀tí tí prótíìnì ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń dá kún wàhálà kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé èèyàn sórí ẹ̀rọ, òfin yẹn parí, àmọ́ ìbẹ̀rù ẹran ò parí, onítọ̀hún á ṣì máa fi ẹnu tọ́ oúnjẹ wò lásán, á máa rù, àwọn ará ilé á ní àìsàn ló ń gbẹ ẹ́. Àìsàn wà níbẹ̀ lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ebi náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ máa ń kó nínú ohun tẹ́ ẹ jẹ lọ. Níbi ìjókòó kan ṣoṣo, tó sábà máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 4, gíráàmù 6 sí 12 nínú amino acid, ìyẹn ohun tí ara fi ń mọ prótíìnì, ló máa ń bá omi ẹ̀rọ lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ásíìdì tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà máa ń jẹ iṣan, àìsàn mìíràn tó bá wà lára ń jẹ ẹ́, ìdọ̀tí tí ẹ̀rọ ò kó tán sì máa ń pa ojú oúnjẹ dé. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún oúnjẹ, ẹ má gbọ́ ọ sí pé kẹ́ ẹ máa febi pa ara yín.

Àgbàlagbà tó ń ṣe hemodialysis, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ níta ara, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, àti ẹni tó ń dáná fún un. Àwọn tó ń gba inú ikùn fọ tiwọn, òfin tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, tàwọn ọmọdé náà yàtọ̀ pátápátá.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà tiyín

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ tí wọ́n kà léèwọ̀ fún ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní wọ́ọ̀dù. Ẹni yẹn lè má tọ̀ mọ́ rárá, kẹ́yin ṣì máa tọ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ yín ò lè dọ́gba láéláé. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí i: dry weight yín (ìyẹn ìwọ̀n tó yẹ kẹ́ ẹ jẹ́ tí kò bá sí àpọ̀jù omi lára), pòtásíọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́sì àti albumin (prótíìnì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀) láti inú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kẹ́yìn, àti bí ìtọ̀ yín ṣe pọ̀ tó lójúmọ́. Ti ìtọ̀ yẹn, ẹ lè ṣe é nílé: ẹ tọ èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ̀ láàárọ̀ dànù, kẹ́ ẹ wá máa gba gbogbo èyí tó kù sínú ike kan títí dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ bá tọ̀ tẹ́ ẹ jí, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Bẹ́ ẹ bá béèrè èsì àyẹ̀wò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ yín ni.

2. Ẹ wò ó bóyá ẹran ara ń lọ

Ibí yìí ni scale ti máa ń purọ́ fúnni jù. Ká ní dry weight yín jẹ́ 60 kílò. Láàárín oṣù méjì ẹ ò rí oúnjẹ jẹ dáadáa, ẹran ara kílò 2 lọ, omi kílò 2 wá jókòó sáyè ẹ̀, ẹ gorí scale lẹ́yìn ìtọ́jú, 60 ló pè, inú gbogbo èèyàn dùn. Bẹ́ẹ̀ èémí yín ń dún fìì bẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ ń wú, ẹ̀jẹ̀ ń ru sókè, wọ́n á tún wá fi oògùn ìfúnpá kún oògùn. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n tún dry weight yín yẹ̀ wò, kí wọ́n fà á sílẹ̀, kẹ́yin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bẹ́ ẹ bá wá jẹun tẹ́ ẹ tún sanra padà, ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè, torí tí wọn ò bá gbé e, ẹ̀rọ á máa fa omi tí ò sí, iṣan ẹsẹ̀ á máa ká, òòyì á máa kọ́ yín.

Torí náà ẹ má fi scale nìkan mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ẹ̀bátí yín nínú dígí bóyá ó ti jìn wọnú, ẹ wo egungun tó wà lábẹ́ ọrùn, ẹ wò ó bóyá òrùka ń yọ fúnra ẹ̀, bóyá ìdérí ìgò tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ kan ṣí tẹ́lẹ̀ ti wá ń bá yín jà. Àwọn dókítà náà ní àmì tí wọ́n ń wò: kéèyàn fò sílẹ̀ ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù 3 tàbí ìdá 10 láàárín oṣù 6 láìjẹ́ pé ó fẹ́ rù, kí BMI (ìwọ̀n ara tí wọ́n fi gíga ẹni ṣírò) wà lábẹ́ 23, kí albumin wà lábẹ́ 3.8 g/dL. Ti BMI yẹn máa ń ya èèyàn lẹ́nu torí ẹni tí ò ní àìsàn kíndìnrín tó bá wà ní 22, wọ́n á ní ó ṣe dáadáa ni, àmọ́ lórí ẹ̀rọ, àwọn tó ní ẹran lára díẹ̀ máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tó rù lọ. Albumin ní tiẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òun nìkan kó jìnnìjìnnì bá yín, ó máa ń wálẹ̀ tí kòkòrò bá wọ ara, ó sì máa ń wálẹ̀ tí omi bá pọ̀ lára, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń gbé e wá.

3. Ẹ dá prótíìnì padà sórí àwo

Ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni gíráàmù 1.0 sí 1.2 prótíìnì fún kílò kan ara lójúmọ́. Ẹni tó jẹ́ 60 kílò, ó nílò gíráàmù 60 sí 72. Ẹ má jẹ́ kí ìṣirò yẹn dẹ́rù bà yín, ẹ wo bó ṣe máa rí lórí àwo. Ẹyin kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 6. Ẹran, adìẹ tàbí ẹja tó ti jinná, tó fẹ̀ tó sì nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ láìka ìka mọ́ ọn, jẹ́ nǹkan bíi 21. Nítorí náà ẹyin méjì láàárọ̀, adìẹ kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ lọ́sàn-án, ẹja kan tó tó bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ẹ ti wà ní 54 nìyẹn, búrẹ́dì àti ìrẹsì tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́ á fi èyí tó kù kún un. Ó parí. Ẹ̀wà náà wúlò, àwọn dókítà ò lé e jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ ṣá bi dáyẹ́tíṣàn yín (onímọ̀ nípa oúnjẹ) nípa bó ṣe máa pọ̀ tó, torí pòtásíọ̀mù inú ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ á ní ẹran ń rùn sáwọn tàbí pé ẹnu àwọn ń ṣe bí irin. Òótọ́ ni, ìdọ̀tí tó ku sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á. Oúnjẹ tútù kì í rùn tó èyí tó ń gbóná, ẹ gbìyànjú ẹyin sísè tó ti tutù, adìẹ tó ti jinná tó sì ti tutù tí wọ́n fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí, ẹja nínú búrẹ́dì. Ẹ fọ ẹnu kẹ́ ẹ tó jẹun. Funfun ẹyin náà dáa púpọ̀ fún ẹni tí fọ́sífọ́rọ́sì ẹ̀ ga, torí inú pupa ẹyin ni fọ́sífọ́rọ́sì ń gbé, funfun kan ṣoṣo sì ní prótíìnì tó lé ní gíráàmù 3.

Ẹ má gbàgbé agbára o. Kálórì 25 sí 35 fún kílò kan lójúmọ́, ìyẹn 1,500 sí 2,100 fún ẹni 60 kílò. Ẹni tó bá ń jẹ ẹran láìjẹ ìrẹsì, búrẹ́dì àti òróró tó tó, ara á fi ẹran yẹn dáná bí ẹni fi àga ilé ṣe igi ìdáná. Òróró ni mo fẹ́ràn jù níbí: ṣíbí ńlá kan jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120, kò ní pòtásíọ̀mù, kò ní fọ́sífọ́rọ́sì, kò ní iyọ̀, kò sì gbé ṣúgà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sókè. Ẹ da díẹ̀ sí ìrẹsì, ẹ fi din ẹyin.

4. Ẹ kọjú sí iyọ̀ kẹ́ ẹ tó kọjú sí omi

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ má mu omi, ẹ ò ní mu, òùngbẹ á fẹ́ pa yín, ẹ máa mu ún lálẹ́ nígbà tẹ́nì kankan ò rí yín, ta ni ẹ fẹ́ tàn? Iyọ̀ ló ń gbẹ yín lọ́fun, ẹ ò lè fi iyọ̀ sára kẹ́ ẹ wá fẹ́ fi ìpinnu borí òùngbẹ. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má kọjá ni gíráàmù 2.3 sódíọ̀mù (èròjà tó wà nínú iyọ̀) lójúmọ́, tó jẹ́ bíi ṣíbí tíì kan iyọ̀ tí ò kún gègèrè, pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ tó ti wà nínú oúnjẹ ná. Búrẹ́dì ní iyọ̀, kúbù ìsebẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iyọ̀ lásán, oúnjẹ inú agolo, ẹran sọ́séèjì, núdùù àti ìyẹ̀fun adùn inú ẹ̀, gbogbo wọn. Ẹ lo ata, àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, ewé olóòórùn dídùn, omi ọsàn kíkan, ẹnu á kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: iyọ̀ àfidípò tí wọ́n ń tà pé kò ní sódíọ̀mù, tí wọ́n sì ń polówó fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru, potassium chloride ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ó lè dá ọkàn dúró.

Ti omi, ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò ni kẹ́ ẹ kó ìtọ̀ yín ti ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ fi mílílítà 500 sí 750 kún un. Ẹni tó ń tọ 300, omi ẹ̀ á wà láàárín 800 sí 1,050 lójúmọ́. Omi ọbẹ̀ wà nínú ẹ̀, tíì wà nínú ẹ̀, yìnyín, áísìkirimù, èyí tẹ́ ẹ fi gbé oògùn mì. Lítà kan omi, kílò kan ni lórí scale, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ̀n yín kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́. Láàárín ìtọ́jú kan sí èkejì, kó má lé ní nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún dry weight yín, fún 60 kílò ìyẹn á jẹ́ 2.4. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á ní láti fà á kíákíá láàárín wákàtí 4, ìfúnpá á wálẹ̀ lójijì, ẹsẹ̀ á máa ká, ọkàn ló sì ń ru ìyà yẹn.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nílé rèé. Láàárọ̀, ẹ wọn gbogbo omi ọjọ́ yẹn sínú ìgò kan. Inú ẹ̀ nìkan lẹ ti máa mu. Bẹ́ ẹ bá mu ife tíì kan níta, ẹ padà wálé kẹ́ ẹ da ìwọ̀n ife kan dànù nínú ìgò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìgò á gbẹ kó tó di ọ̀sán, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú sí ara yín, lọ́jọ́ kejì ẹ lo ife kékeré, ẹ fi omi yọ ẹnu kẹ́ ẹ tu ú, ẹ lá yìnyín kékeré kan, ẹ jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ṣúgà bá ga, òùngbẹ ò ní lọ láé, àfi kí wọ́n rí sí ṣúgà yẹn.

5. Pòtásíọ̀mù

Eléyìí ló ń yára pa èèyàn, tí ò sì í sábà dún kó tó dé. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó da gbogbo èso dànù, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè díẹ̀: ṣé ẹ pa ìtọ́jú kan jẹ àbí ẹ ní kí wọ́n tètè tú yín sílẹ̀? Ṣé ẹ ń rí ìgbẹ́ yà? Tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ìfun ló ń bá yín gbé púpọ̀ nínú pòtásíọ̀mù jáde, torí náà inú kíkún lè gbé e sókè láìjẹ́ pé ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ń gbé e sókè. Wọ́n á ti lé èso kúrò nílé, kò sì ní wálẹ̀, torí kì í ṣe èso.

Tó bá wá jẹ́ oúnjẹ lóòótọ́, àwọn tẹ́ ẹ máa dín kù ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn àti omi ẹ̀, èso gbígbẹ, píà, omi àgbọn, tòmátò alágolo, pòtétò. Ápù, èso àjàrà, ọ̀pẹ̀yìnbó, ìwọ̀nba ni tiwọn, ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan lẹ́ẹ̀kan náà tó. Pòtétò, ẹ ò ní láti ṣe ìdágbére fún un: ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kékeré gan-an, ẹ rọ omi púpọ̀ lé e, ẹ sè é, ẹ da omi yẹn nù, ẹ rọ omi tuntun, ẹ wá sè é títí á fi jinná, ẹ tún da ìyẹn náà nù. Inú omi ni pòtásíọ̀mù ń sá sí. Kéèyàn kàn rẹ ẹ́ sómi tútù mọ́jú ò tó, yíyan àti dídín nínú òróró ò sì mú nǹkan kan jáde, ẹni tó bá sì fi omi ẹ̀ se ọbẹ̀ ti gbé gbogbo ẹ̀ padà.

Èso kan wà tó jẹ́ pé kò sí ìwọ̀nba níbẹ̀: star fruit, èyí tí wọ́n tún ń pè ní carambola, tẹ́ ẹ bá gé e lóòró gbọọrọ ẹ ò ní rí nǹkan kan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gé e ní ìbú, ó ń jọ ìràwọ̀. Ó ní májèlé kan nínú tí kíndìnrín tó dá ṣáṣá máa ń tọ̀ dànù, tiyín ò lè ṣe é. Òsúkè tí ò dáwọ́ dúró ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, orí á wá dàrú, wárápá á tẹ̀ lé e, àwọn kan ti kú. Ẹ má fi ẹnu kàn án, omi ẹ̀ náà ńkọ́, rárá.

Nínú ọ̀sẹ̀, àlàfo kan máa ń wà tó gùn ju àwọn yòókù lọ, nígbà tí ọjọ́ méjì gbáko bá kọjá láìsí ẹ̀rọ. Ìparí àlàfo yẹn léwu jù, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ ẹnu yín jù. Tí ẹsẹ̀ bá rọ jọwọrọ lójijì, tí ọkàn ń fò sókè sódò, ẹ máà dúró de ọjọ́ ìtọ́jú, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

6. Fọ́sífọ́rọ́sì: ẹ ka ara páálí

Tó bá ga, ara á máa yún yín, egungun á máa fúyẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa le bí òkúta. Ohun tí wọ́n sábà ń lé ni kó wà láàárín 3.5 sí 5.5 mg/dL, kí ti oúnjẹ sì wà ní mílígíráàmù 800 sí 1,000 lójúmọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú oúnjẹ tó ní prótíìnì náà ló ń gbé, ìdí sì nìyẹn táwọn èèyàn fi ń sá fún ẹran padà. Ẹ má sá fún ẹran. Ẹ sá fún èyí tí iléeṣẹ́ fi kún un. Fọ́sífọ́rọ́sì inú ẹ̀wà àti ọkà, ara ò lè gbà ju bí ìdajì lọ nínú ẹ̀, ti inú ẹran ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ara ń gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wà nínú ẹran tí wọ́n ti fi nǹkan sí, ṣíìsì tí iléeṣẹ́ fi èròjà míì pò, ohun mímu kóólà dúdú, oúnjẹ dídì inú fírísà tó ti jinná sílẹ̀. Ẹ yí páálí padà, ẹ wá ibi tí wọ́n to èròjà sí, ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí "phos" nínú ọ̀rọ̀ kan, ẹ dá a padà. Níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà kọ ọ́, E338 sí E341, E343, E450 sí E452 lẹ ń wá. Mílíìkì, ìdajì ife lójúmọ́ tó.

Oògùn tó ń di fọ́sífọ́rọ́sì mú, bíi calcium carbonate tàbí sevelamer, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ máa lò ó, kì í ṣe wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀, torí inú ikùn ló ti ń mú un. Bẹ́ ẹ ò bá jẹun, ẹ fò ó. Ẹ fi mélòó kan sínú àpò fún ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa jẹun níta.

7. Ọjọ́ ìtọ́jú

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lèèyàn ń sáré jáde láàárọ̀, kì í jẹun, á padà dé kó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, á sùn. Ẹ ṣírò ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dún. Ẹ se oúnjẹ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ lálẹ́ àná, èyí tí kò ní ju gbígbóná lọ. Jíjẹun lórí ẹ̀rọ, àríyànjiyàn wà lórí ẹ̀, ibòmíì ò gbà á rárá torí ìfúnpá àwọn kan máa ń wálẹ̀ tí oúnjẹ bá wọnú, oúnjẹ sì lè há ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Èrò tèmi ni pé tí ìfúnpá yín kì í bá wálẹ̀, tí wọ́n sì gbà yín láyè, ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ nǹkan kékeré tó ní prótíìnì, bí ẹyin sísè àti búrẹ́dì, kì í ṣe àwo ńlá.

Fítámì B àti C máa ń bá omi ẹ̀rọ lọ, nítorí náà lẹ́yìn ìtọ́jú ni kẹ́ ẹ lo fítámì yín, kì í ṣe ṣáájú, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín. Fítámì tí gbogbo ayé ń rà máa ń ní fítámì A, ó sì ń kóra jọ sára yín, fítámì C tó pọ̀ jù náà ò dáa. Àgbo àti oògùn ìbílẹ̀ tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ṣúgà ẹ̀ bá já wálẹ̀, kó má sáré gbé omi ọsàn mu bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Glúkósì, ṣúgà, tàbí omi ápù díẹ̀ ni.

8. Tẹ́ ẹ ò bá ṣì rí oúnjẹ jẹ

Ẹ wá ìdí ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́: eyín tó ń dunni, inú kíkún, oògùn tó ń rin ni níkùn, ìbànújẹ́ ọkàn tí wọn ò tíì fún lórúkọ, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ò fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́ tó. Ẹ béèrè Kt/V yín, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ tó hàn, kó má wà lábẹ́ 1.2. Tí gbogbo ìyẹn bá ti yanjú tí oúnjẹ ò sì tíì wọlé, ẹ bi wọ́n nípa oúnjẹ olómi tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn oní-dàyálísíìsì, agolo kékeré kan ní kálórì àti prótíìnì púpọ̀ nínú omi díẹ̀, ẹ máa mu ún láàárín oúnjẹ méjì, kì í ṣe dípò oúnjẹ.

Kẹ́ ẹ tó lọ rí dáyẹ́tíṣàn, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ jẹ tẹ́ ẹ sì mu fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ ìtọ́jú, kí ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ tí kò sí ìtọ́jú, kí ọ̀kan jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má tún un ṣe kó lè dùn ún wò. Ẹ kọ omi tẹ́ ẹ mu lálẹ́ náà sí i, ẹ sì gbé páálí àwọn oúnjẹ tí ẹ ò rí kà dání.